Ẹ Ka Owó Náà Tán Kí Ẹ Tó San Án: Tíkẹ́ẹ̀tì Bàálù àti Ọkọ̀ Háyà ní Ilẹ̀ Òkèèrè

Iye tó kọ́kọ́ hàn lójú fóònù nígbà tí ẹ bá ń wá tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kì í sábà jẹ́ iye tó máa jáde lápò yín. Ti ọkọ̀ háyà tiẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Báàgì ní owó tirẹ̀, ìjókòó ní tirẹ̀, bọ́ọ̀sì tó máa gbé yín láti pápákọ̀ òfurufú tó jìnnà wọ àárín ìlú ní tirẹ̀, inṣọ́ránsì tí wọ́n máa tà fún yín lórí káńtà náà ní tirẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó máa wá ẹ̀dínwó kiri, ẹ mú bébà kan kí ẹ pín in sí méjì: apá kan fún iye tí wọ́n pè é, apá kejì fún gbogbo ohun tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ọn. Àròpọ̀ méjèèjì ni ẹ máa fi wé ti ẹlòmíràn.

Ẹ wò ó báyìí. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ €95, báàgì àlọ àti àbọ̀ jẹ́ €80, bọ́ọ̀sì láti pápákọ̀ náà jẹ́ €34. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ €209. Èkejì jẹ́ €190, báàgì ti wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin wọ ìlú jẹ́ €12. €202 nìyẹn. Èyí tó jọ pé ó fi ìlọ́po méjì wọ́n ló wá rọjú jù.

Ọjọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Kò sí ohun tó ń gbé owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ sókè lọ sódò tó ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbéra. Lórí Google Flights, ìkànnì tí wọ́n fi ń wá tíkẹ́ẹ̀tì, tí ẹ bá tẹ àyè tí ọjọ́ wà, iye owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan máa hàn lórí kàlẹ́ńdà. Àtẹ kan tún wà níbẹ̀ tó ń fi ọjọ́ àlọ àti ọjọ́ àbọ̀ wé ara wọn lójú kan náà. Skyscanner ní tirẹ̀ máa jẹ́ kí ẹ wo odindi oṣù lẹ́ẹ̀kan, kódà ẹ lè má dárúkọ ibi tí ẹ ń lọ rárá, á sì to àwọn orílẹ̀-èdè sílẹ̀ láti orí èyí tó rọjú jù. Ẹ sún àlọ ní ọjọ́ kan, ẹ sún àbọ̀ ní ọjọ́ méjì, kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Àárín ọ̀sẹ̀ sábà máa ń rọjú ju ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àìkú lọ. Ẹ má gbàgbé ìsinmi ilé-ìwé ní ibi tí ẹ ń lọ. Ti ọ̀dọ̀ yín nìkan kọ́ ló ń gbówó lórí.

Ilé-iṣẹ́ bàálù púpọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí ta tíkẹ́ẹ̀tì ní nǹkan bí 330 ọjọ́ ṣáájú. Ẹni tó bá sáré rà á ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í sábà jèrè, torí iye tó rọjú kì í tíì wọlé nígbà yẹn. Fún ìrìnàjò tó gba orí òkun kọjá, oṣù méjì sí mẹ́fà ṣáájú ló sábà dára; tó bá jẹ́ àkókò Kérésìmesì tàbí oṣù keje àti ìkẹjọ ní Europe, ẹ tètè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ má baà máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, ẹ ní kí ìkànnì náà máa fi ímeèlì ránṣẹ́ sí yín tí iye bá yí padà. Ní ti ọ̀rọ̀ pé òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni owó máa ń wálẹ̀, ẹ gbé e jù sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó gbilẹ̀ ni pé tí ẹ bá ti wo tíkẹ́ẹ̀tì kan lẹ́ẹ̀mejì, ìkànnì á ti mọ̀ pé ẹ nílò rẹ̀, á sì bu owó lé e. Kò sí ẹ̀rí gidi lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ bàálù pín ìjókòó sí ìsọ̀rí ìsọ̀rí, ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà tirẹ̀ àti iye tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tìmùtìmù kan náà ni gbogbo wọn máa jókòó lé. Tí èyí tó rọjú bá tán, ẹ̀rọ á bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Ibi tí èyí ti ń dun àwọn tó ń rìn pọ̀ ni pé ẹ̀rọ kì í sábà pín ìsọ̀rí méjì fún àwọn tó wà lórí ìwé kan. Ká ní ó ku ìjókòó méjì ní €180, tí ìsọ̀rí tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ €240. Tí ẹ bá wá tíkẹ́ẹ̀tì fún ènìyàn mẹ́ta, €240 ni wọ́n máa kọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, €720 lápapọ̀. Tí ẹ bá ra méjì ná, kí ẹ tó wá ra ẹyọ kan, €600 ni. €120 ti dúró sápò yín. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wá iye ẹnì kan, kí ẹ máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kún un títí iye ẹnì kọ̀ọ̀kan á fi fò sókè. Àbùkù ibẹ̀ ni pé nọ́ńbà ìwé méjì lẹ máa ní. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ náà kí wọ́n so wọ́n pọ̀, ẹ má sì ṣe é rárá tó bá jẹ́ pé ọmọdé nìkan ló máa dá wà lórí ìwé kejì.

Pápákọ̀ tó "sún mọ́" ìlú

Nínú Google Flights, ẹ lè kọ pápákọ̀ tó tó méje sí àyè kan ṣoṣo. LON dúró fún àwọn pápákọ̀ London, NYC fún ti New York, PAR fún ti Paris. Ó tọ́ kí ẹ gbìyànjú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ilé-iṣẹ́ bàálù olówó pọ́ọ́kú ń pè ní ìtòsí lè má jẹ́ ìtòsí tiyín. Beauvais tí wọ́n ń tà bíi Paris tó nǹkan bí 80 kìlómítà sí Paris; Hahn tí wọ́n so mọ́ orúkọ Frankfurt lé ní 100 kìlómítà sí i. Tí bàálù bá balẹ̀ lẹ́yìn tí bọ́ọ̀sì ìkẹyìn ti lọ, tákísí ọ̀nà yẹn nìkan lè ju tíkẹ́ẹ̀tì lọ.

Orílẹ̀-èdè tí ẹ ti ń gbéra náà ní ohun tó ń gbà. Ìjọba ilẹ̀ Bìrìtìkó ń gba Air Passenger Duty lọ́wọ́ ẹni tó bá wọ bàálù láti ibẹ̀, bí ọ̀nà bá sì ṣe jìn tó ni owó náà ṣe ń pọ̀ tó. Ireland ti fagi lé irú rẹ̀ ní 2014. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kì í san ti Bìrìtìkó tó bá jókòó ní economy. Ẹni tó kàn yà níbẹ̀ láti wọ bàálù mìíràn lórí ìwé kan náà, tí kò dúró ju wákàtí 24 lọ, bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ sùn ọjọ́ méjì ní London kó tó tẹ̀ síwájú ti kó sínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé yíyà sí ìlú kan wò lójú ọ̀nà ló wù yín, àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí wọn kì í fi owó lé tíkẹ́ẹ̀tì nítorí ìyẹn: Icelandair fàyè gba títí dé ọjọ́ méje ní Iceland, TAP náà ń ṣe é ní Portugal. Ẹ máa san owó òtẹ́ẹ̀lì yín fúnra yín o.

Bàálù kan náà, ìjókòó kan náà, ilé-iṣẹ́ méjì lè máa tà á ní iye méjì. Tí ẹ bá rí i pé wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ń wa bàálù náà, ẹ lọ sí ìkànnì ẹni tó ni bàálù kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tún wo iye tó máa jẹ́ tí ẹ bá wọ ìlú kan lọ, tí ẹ sì ti ìlú mìíràn padà. Lójú ewé tí wọ́n kọ multi-city sí, irú èyí kì í sábà wọ́n ju àlọ àti àbọ̀ lásán lọ, ó sì gbà yín lọ́wọ́ owó ọkọ̀ tí ẹ̀ bá fi padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwé kan tàbí ìwé méjì

Ìkànnì ìwákiri máa ń so bàálù ilé-iṣẹ́ méjì tí kò mọ ara wọn pọ̀, wọ́n á sì kọ self-transfer sí i ní lẹ́tà tín-ín-tìn-ìn-tín. Ó lè rọjú gan-an. Ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà. Tí àkọ́kọ́ bá pẹ́, èkejì kò ní dúró, kò sì sí ẹni tó jẹ yín ní tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn. Ẹ máa gba ẹrù yín, ẹ máa gba iwájú àwọn tó ń wo pásípọ́ọ̀tù jáde, ẹ máa tún wọlé padà. Ìyẹn ni pé ẹ ní láti ní físà tó lè mú yín wọ orílẹ̀-èdè yẹn. Físà tí wọ́n fi ń kọjá nínú pápákọ̀ lásán kò tó. Tí ẹ kò bá ní in, ibi tí ẹ ti fẹ́ gbéra gan-an ni wọ́n ti máa dá yín padà, owó tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì á sì ṣòfò. Ẹni tí ọ̀rọ̀ físà kò kàn, kó fi wákàtí mẹ́rin ó kéré tán sáàárín bàálù méjèèjì, kó má sì fi èyí tó kẹ́yìn lọ́jọ́ náà ṣe èkejì.

Ọgbọ́n kan tún wà tí a kò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tó gba ìlú kan kọjá lọ sí òmíràn lè rọjú ju èyí tó parí sí ìlú àkọ́kọ́, àwọn kan á sì rà á kí wọ́n lè sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹrù inú bàálù á lọ títí dé òpin láìsí ẹni tó ni ín. Tí ẹ bá ti fo ẹsẹ̀ kan nínú ìrìnàjò, ẹ̀rọ á fagi lé gbogbo èyí tó kù, àbọ̀ pẹ̀lú. Ó sì lòdì sí àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí. Òfin fífagi lé yìí náà ló ń mú ẹni tí kò ní ohun tó ń dọ́gbọ́n rárá: ẹni tó fi ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú tí bàálù rẹ̀ ti fẹ́ yà, tó wá ní òun á wọ bàálù láti ibẹ̀. Wọn kò ní jẹ́ kó wọlé. Tí ẹ kò bá ní lo ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ pè wọ́n ṣáájú kí wọ́n yí ìwé náà padà.

Báàgì

Báàgì ni àwọn olówó pọ́ọ́kú fi ń jẹun. Wizz Air fàyè gba ẹyọ kan lọ́fẹ̀ẹ́ tí kò ju 40 × 30 × 20 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ti easyJet jẹ́ 45 × 36 × 20. Táyà báàgì àti ọwọ́ ìfà rẹ̀ wà nínú ìwọ̀n yìí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń mú ènìyàn: ẹni tó ń ta báàgì á kọ 40 sára rẹ̀, àmọ́ tí ẹ bá wọn táyà mọ́ ọn, á di 43. Ẹ di ẹrù sínú rẹ̀ tán kí ẹ tó fi tẹ́ẹ̀pù àwọn télọ̀ wọ̀n ọ́n, torí báàgì tó kún máa ń wú níwájú. Èyí tí wọ́n fi aṣọ ṣe, tí kò ní táyà, ló dára jù. Ó ṣeé tẹ̀ mọ́ra. Owó báàgì tí ẹ san nígbà tí ẹ ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ló rọjú jù, ti orí káńtà pápákọ̀ wọ́n jù ú lọ, èyí tí wọ́n bá mú yín san lẹ́nu géètì ló burú jù.

Fún ẹrù ńlá, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń gba kìlógíráàmù 23 fún báàgì kan ní economy, kí gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ lápapọ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà 158 lọ. Àròpọ̀ báàgì méjèèjì kọ́ ni wọ́n ń wò. Tí ọ̀kan bá jẹ́ 26, tí èkejì jẹ́ 18, ẹ ti jẹ gbèsè lórí àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 44 ni gbogbo rẹ̀. Èyí tó bá ju 32 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní gbé e rárá. Òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n ń fi ìkọ́ gbé báàgì rọ̀ sọ́wọ́ ń san owó ara rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ sanwó

Ẹ fi ìkànnì ìwákiri wá a, kí ẹ rà á lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bàálù fúnra rẹ̀. Tí aṣojú orí íntánẹ́ẹ̀tì bá fi €10 rọjú jù, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ọjọ́ tí bàálù bá yí àkókò padà, ilé-iṣẹ́ á ní kí ẹ lọ bá aṣojú, aṣojú á ní ilé-iṣẹ́ ni. Tí ìyàtọ̀ bá pọ̀ gan-an, ẹ rà á níbẹ̀, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí aṣojú náà máa gbà tí ẹ bá fẹ́ yí ọjọ́ padà. Orúkọ ní láti bá ti inú pásípọ́ọ̀tù mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Àtúnṣe orúkọ wọ́n, ilé-iṣẹ́ mìíràn kì í tiẹ̀ ṣe é.

Fún ìrìnàjò tó wọ Amẹ́ríkà tàbí tó jáde níbẹ̀, òfin ní kí ilé-iṣẹ́ bàálù jẹ́ kí ẹ fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì láàárín wákàtí 24 kí ẹ sì gba owó yín padà pé, tàbí kó bá yín di iye náà mú fún wákàtí 24 láìgba owó, níwọ̀n ìgbà tó bá ku ọjọ́ méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ìrìnàjò, tó sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn gan-an lẹ ti rà á. Ẹ lo wákàtí 24 yẹn láti tún wá iye tó rọjú jù.

Tí ẹ̀rọ ìsanwó bá bi yín bóyá ẹ fẹ́ san ní owó orílẹ̀-èdè tiyín, ẹ kọ̀. Owó tí wọ́n fi ń tà á ni kí ẹ yàn. Wọ́n á ti bu èrè tiwọn lé pàṣípààrọ̀ tí wọ́n ṣe fún yín, ó sì sábà máa ń burú ju ti báńkì yín lọ. Ìbéèrè yìí kan náà máa yọjú lórí káńtà ọkọ̀ háyà, nígbà mìíràn wọ́n á ti bá yín tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ fún yín. Ẹ wo owó tó wà lójú rẹ̀ kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà àṣírí.

Owó tún wà tó jẹ́ tiyín tí ọ̀pọ̀ kì í béèrè. Òfin European Union tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 261/2004 sọ pé tí bàálù tó gbéra láti orílẹ̀-èdè EU bá fi wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ́ dé, tó sì jẹ́ pé ẹ̀bi ilé-iṣẹ́ ni, owó ìtánràn wà: €250 fún ọ̀nà tí kò ju 1,500 kìlómítà lọ, €400 títí dé 3,500, €600 fún èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kan bàálù tó ń bọ̀ wọ EU náà tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ EU ló ni ín. Ojú ọjọ́ tó burú kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́: wọn kì í sábà fi owó yìí ránṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹ kọ̀wé béèrè. Ẹ tọ́jú ìwé ìwọlé bàálù yín títí gbogbo rẹ̀ á fi parí.

Ọkọ̀ háyà: orí káńtà ni owó ti ń jò

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá ẹ nílò rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́. Ní ìlú ńlá tó ní ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ẹ máa sanwó kí ọkọ̀ lè sùn ní páàkì. Ẹ gbà á lọ́jọ́ tí ẹ bá ń jáde nílùú. Ẹ tún wo iye rẹ̀ láàárín ìlú: pápákọ̀ sábà máa ń bu owó tirẹ̀ lé háyà, ẹ̀ka tó wà nínú ìlú kò ní in. Àmọ́ àwọn ẹ̀ka inú ìlú máa ń tètè tì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀pọ̀ kì í sì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú.

Wákàtí 24 ni ọjọ́ kan lójú wọn. Tí ẹ bá gba ọkọ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, tí ẹ sì kọ ọ́ pé ẹ máa dá a padà ní aago méjìlá ọ̀sán, odindi ọjọ́ kan ti gorí rẹ̀ nítorí wákàtí méjì. Ẹ mú àkókò méjèèjì bára mu. Ẹ tún dán ọjọ́ méje wò tó bá jẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ nílò. Iye ọ̀sẹ̀ kan máa ń kéré jù nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dá a padà ṣáájú ọjọ́ tí ẹ kọ, wọ́n lè tún iye náà ṣírò sókè, nítorí náà ẹ bi wọ́n kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ẹ má wo àwòrán ọkọ̀, lẹ́tà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí àpẹẹrẹ, ECMR: E ni ìwọ̀n ọkọ̀, ìyẹn economy, C ń sọ irú ara ọkọ̀ àti ilẹ̀kùn, M ni pé ẹ máa fi ọwọ́ yí jíà, R ni pé ẹ̀rọ amúlétutù wà, tí wọn kò sì sọ irú epo. Tí lẹ́tà kẹta bá jẹ́ A, jíà ń yí ara rẹ̀ nìyẹn. Ní Europe, A yìí lè wọ́n ju M lọ gan-an, ó sì ń tètè tán. Ẹni tí kò bá mọ jíà ọwọ́ yí, kó má fi ojú ọ̀nà òkèèrè kọ́ ọ o. Ìwọ̀n tó kéré jù tó gba ẹrù yín ni kí ẹ mú. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké ló máa ń kọ́kọ́ tán, tó bá sì tán, ojúṣe wọn ni láti fún yín ní èyí tó tóbi jù láìgba kọ́bọ̀. Òṣìṣẹ́ tó mọ̀ pé kò sí ọkọ̀ kékeré mọ́ lè sọ pé òun á bá yín fi €8 lójúmọ́ gbé e sókè. Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, kí ẹ ní èyí tí ẹ kọ sílẹ̀ lẹ fẹ́.

Ẹ yan irú èyí tí ẹ lè fagi lé lọ́fẹ̀ẹ́ títí di wákàtí 24 tàbí 48 ṣáájú, kí ẹ tètè gbà á sílẹ̀, kí ẹ sì máa padà wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí iye bá wálẹ̀, ẹ gba tuntun kí ẹ tó fagi lé ti àtijọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà bàálù yín sí i. Tí bàálù bá pẹ́ tí wọn kò sì mọ̀, wọ́n lè gbé ọkọ̀ yín fún ẹlòmíràn.

Inṣọ́ránsì

Ibí yìí ni owó tó pọ̀ jù wà, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ní Europe, iye háyà sábà máa ń ní CDW nínú. Ohun tí CDW ń sọ ni pé tí ọkọ̀ bá bàjẹ́, ẹ kò ní san gbogbo rẹ̀. Ẹ máa san dé ibì kan. Ibi tí ẹ máa san dé yẹn ni wọ́n ń pè ní excess, ó sì sábà máa ń lé ní €1,000. Excess yìí ni òṣìṣẹ́ orí káńtà á máa fi dẹ́rù bà yín. Á ní tí ẹ bá fi €25 kún un lójúmọ́, ẹ kò ní san nǹkan kan mọ́. Ọjọ́ mẹ́wàá, €250. Ó lè ju owó háyà fúnra rẹ̀ lọ.

Ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì mìíràn ń ta ohun kan náà lọ́tọ̀ ní iye tó kéré gan-an sí ìyẹn, wọ́n tiẹ̀ ń ta ti ọdún kan gbáko. Ẹ rà á kí ẹ tó gbéra. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ilé-iṣẹ́ háyà á yọ owó lọ́wọ́ yín ná, ẹ̀yin á wá fi ìwé gba owó náà padà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì. Ẹ wo àwọn nǹkan tí CDW kì í sábà kà sí: gíláàsì, táyà, abẹ́ ọkọ̀, òrùlé ọkọ̀, kọ́kọ́rọ́ tó sọnù. Ìwé tí ẹ bá rà gbọ́dọ̀ dárúkọ wọn. Dísẹ̀lì tí ẹ rọ sínú ọkọ̀ tó ń mu bẹntiróòlù, ọ̀pọ̀ kì í san ìyẹn. Kí ẹ sì rí i dájú pé wọ́n ń tà á fún ẹni tó ń gbé ní orílẹ̀-èdè tí ẹ ń gbé.

Àwọn káàdì kírẹ́díìtì kan ní irú inṣọ́ránsì yìí nínú. Wọ́n sábà ní àdéhùn méjì: kí ẹ fi káàdì yẹn san gbogbo owó háyà, kí ẹ má sì gba CDW ilé-iṣẹ́ háyà. Ẹni tó bá gba CDW nítorí ìbẹ̀rù ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ti káàdì.

Amẹ́ríkà yàtọ̀. Iye tó kọ́kọ́ hàn níbẹ̀ lè má ní CDW kankan, inṣọ́ránsì fún ẹni tí ẹ bá fi ọkọ̀ gbá sì lè jẹ́ kìkì èyí tó kéré jù tí òfin ìpínlẹ̀ náà béèrè. Owó ilé ìwòsàn níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí a fi ń ta tẹ́tẹ́, nítorí náà ẹ má dín owó kù níbí. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe ni kí ẹ kọ orílẹ̀-èdè tí ẹ ń gbé sí ìkànnì tí ẹ ti ń wá ọkọ̀ náà. Ó wọ́pọ̀ kí àwọn tó ti òkèèrè wá rí iye tó ti kó méjèèjì pọ̀, tó sì rọjú ju ríra wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ káàdì náà ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn padà láìgba ọkọ̀. Káàdì kírẹ́díìtì tó ní orúkọ awakọ̀ gan-an lára ni wọ́n máa ń béèrè, kì í ṣe ti ìyàwó tàbí ti ọkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ púpọ̀ kì í gba káàdì dẹ́bíìtì àfi tí ẹ bá ra inṣọ́ránsì tiwọn, wọn kì í sì í fẹ́ káàdì tí ẹ kọ́kọ́ rọ owó sí rárá. Wọ́n á ti owó kan pa lórí káàdì yẹn, ó lè tó odindi excess, ẹ kò sì ní lè ná an títí ẹ fi dá ọkọ̀ padà. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 25 máa san àfikún lójoojúmọ́ ní ibi púpọ̀. Awakọ̀ kejì náà ní owó tirẹ̀.

Ìwé ìwakọ̀, epo, owó ojú ọ̀nà

Tí ìwé ìwakọ̀ yín kò bá bá ti ibẹ̀ mu, ẹ gba International Driving Permit ní orílẹ̀-èdè tó fún yín ní ìwé ìwakọ̀, kí ẹ tó kúrò nílé. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀: ti àdéhùn 1949 àti ti 1968. Japan kì í gba ti 1968. Káàdì aláràbarà tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní orúkọ "láísẹ́ǹsì àgbáyé" kò wúlò fún ohunkóhun. Ìwé ìwakọ̀ yín gan-an sì ní láti wà lọ́wọ́, torí pé ìtumọ̀ rẹ̀ lásán ni permit náà.

Ní ti epo, ẹ yan àdéhùn pé ẹ gbà á ní kíkún, ẹ máa dá a padà ní kíkún. Èyí tí ẹ ti san owó táńkì kan sílẹ̀ kí ẹ lè dá a padà ní òfìfo, ẹ̀yin lẹ máa pàdánù: kò sí ẹni tó ń dá ọkọ̀ padà pẹ̀lú táńkì tó gbẹ pátápátá, wọn kì í sì í san ìyókù fún yín. Ẹ rọ epo nítòsí ibi ìdápadà, kí ẹ tọ́jú rìsíìtì, kí ẹ ya fọ́tò géèjì epo pọ̀ mọ́ ti kìlómítà.

Ẹ̀rọ ajúwe ọ̀nà tí wọ́n ń háyà lójoojúmọ́, ẹ kọ̀ ọ́. Ẹ gba máàpù sórí fóònù nílé. Àga ọmọdé náà lè wọ́n tó pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀ bá ti ra tuntun. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù máa ń bá yín gbé tiyín lọ́fẹ̀ẹ́.

Owó ojú ọ̀nà ń yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀nà kan wà tí wọn kì í gba owó lọ́wọ́ mọ́, kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà ọkọ̀. Ilé-iṣẹ́ háyà á san án, wọ́n á sì bu owó iṣẹ́ tiwọn lé e. Ẹ béèrè bóyá ọjọ́ tí ẹ lo ọ̀nà nìkan ni wọ́n ń gbà á, tàbí gbogbo ọjọ́ háyà. Ní Switzerland, sítíkà ọ̀nà márosẹ̀ ọdún kan jẹ́ CHF 40. Ọkọ̀ tí ẹ bá gbà níbẹ̀ ti ní in, èyí tí ẹ wà wọlé láti ìta lè má ní. Ní Ítálì, ẹ ṣọ́ra fún àmì ZTL, ìyẹn àdúgbò tí wọn kì í jẹ́ kí gbogbo ọkọ̀ wọ̀, ní àárín àwọn ìlú àtijọ́. Kámẹ́rà ló wà níbẹ̀, ẹ kò ní rí ọlọ́pàá kankan. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ilé-iṣẹ́ háyà á kọ́kọ́ yọ owó nítorí pé wọ́n fi orúkọ yín lé ìjọba lọ́wọ́, owó ìtánràn fúnra rẹ̀ á wá tẹ̀ lé e. Ẹ páàkì sí ìta kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn wọlé. Tí ẹ bá sì fẹ́ gbé ọkọ̀ kọjá ẹnubodè tàbí gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi, kí ó wà nínú ìwé àdéhùn. Láìṣe bẹ́ẹ̀, inṣọ́ránsì lè má ṣiṣẹ́ ní òdì kejì.

Gbígbà àti dídápadà

Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ kúrò lójú kan, ẹ ya fídíò rẹ̀, kí ẹ rìn yí i ká lẹ́ẹ̀kan láìdáwọ́ dúró, kí nọ́ńbà ọkọ̀ hàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ sún mọ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí etí irin táyà ló máa ń ha jù. Ẹ ya gíláàsì iwájú, òrùlé, abẹ́ bọ́ńpà, inú búùtù àti táyà àpòjù tó bá wà. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú tàbí tí òjò bá ti bo ara ọkọ̀, ẹ gbé e sábẹ́ iná. Gbogbo ibi tó ti ha tí kò bá sí lórí ìwé wọn, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ kí wọ́n sì fọwọ́ sí i; tí wọ́n bá ní "kò tó nǹkan", ẹ sọ pé nítorí pé kò tó nǹkan ló ṣe yẹ kó rọrùn láti kọ.

Ẹ dá a padà nígbà tí òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò lójú yín, kí ẹ sì gba ìwé pé kò sí àléébù. Tó bá jẹ́ òru tí ẹ kàn ju kọ́kọ́rọ́ sínú àpótí, ẹ tún ya fídíò bíi ti àkọ́kọ́, torí pé ọrùn yín ló wà títí di òwúrọ̀. Owó tí wọ́n tì pa lè gba ọjọ́ mélòó kan kó tó tú. Tí ẹ bá rí i pé wọ́n yọ ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ kọ̀wé sí wọn, kí ẹ béèrè fọ́tò tó ní ọjọ́ lára àti ìwé iye tí wọ́n fi tún un ṣe. Tí wọn kò bá ní in, ẹ gbé fídíò yín lọ bá báńkì tó fún yín ní káàdì, kí ẹ ní ẹ kò gbà pé ẹ jẹ owó náà.